Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àkókò ìbímọ abo ajá mi ti tó?

Ìbéèrè (láti Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Mo ní abo ajá Alsatian kan tí ó lóyún, èyí sì ni oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà méjì ni a mú un lọ sọ́dọ̀ akọ, ọjọ́ mẹ́ta sì wà láàárín ìgbà méjèèjì. Tí mo bá kà á láti ìgbà àkọ́kọ́, ó di ọjọ́ 61 lónìí. Tí mo bá sì kà á láti ìgbà kejì, ọjọ́ 58 ni. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọmú rẹ̀ sì ti wú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹun dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ orí ọmú rẹ̀ tí n kò rí wàrà kankan. Ọkọ mi ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé ọjọ́ ti ń lọ. Aládùúgbò wa kan, ní tirẹ̀, sọ pé ajá kò nílò agbẹ̀bí, pé a óò kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a óò bá àwọn ọmọ nílẹ̀ ni. N kò fẹ́ yára jù, n kò sì fẹ́ pẹ́ jù. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn àmì wo gan-an ni kí n máa wò, èwo nínú wọn ni ó sì ń fi hàn pé ó ku wákàtí díẹ̀?

Èsì láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko kan ní Ìbàdàn

Ẹ kú àmójútó, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́, nítorí òun ni ó ń da ọkàn ẹ̀yin àti ọkọ yín láàmú. Ọjọ́ 63 tí gbogbo ènìyàn máa ń pè kì í ṣe láti ọjọ́ tí akọ gun abo; láti ọjọ́ tí ẹyin já sílẹ̀ nínú abo ni a ti ń kà á. Àtọ̀ akọ ajá lè wà láàyè nínú abo fún ọjọ́ mélòó kan, ẹyin náà sì máa ń lo bí ọjọ́ méjì kí ó tó gbó tó láti gba àtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá kan fi lè bímọ ní ọjọ́ 58 lẹ́yìn gígùn, tí òmíràn sì lè kọjá ọjọ́ 70, tí kò sì sí ohun tí ó ṣe ìkankan nínú wọn. Ajá yín wà láàárín àkókò rẹ̀; kò tíì pẹ́ rárá.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju kíka ọjọ́ lọ ni ìgbóná ara. Ẹ ra tẹmómítà oní-nọ́ńbà, irú èyí tí a fi ń wo ara ọmọdé, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ fún ajá nìkan. Ẹ fi fásilíìnì díẹ̀ pa ẹnu tẹmómítà náà, ẹ gbé ìrù ajá náà sókè, ẹ rọra tì í wọ ihò ìdí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi dún. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti ní alẹ́, ní àkókò kan náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ara ajá tí kò lóyún máa ń wà láàárín 38 àti 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oyún, ó lè dín díẹ̀. Nígbà tí họ́mọ́ònù tí ó ń di oyún mú bá wálẹ̀ lójijì, ìgbóná ara náà yóò bá a wálẹ̀ sí nǹkan bí 37, ìrọbí yóò sì sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24. Wíwálẹ̀ yìí kì í pẹ́ kí ó tó tún gòkè, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́ lè má rí i rárá.

Ní ti wàrà, ẹ má fi ṣe ìdíwọ̀n. Àwọn ajá kan máa ń ní in ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń bí àkọ́bí, kì í ní in títí ọmọ yóò fi dé. Ẹ má tẹ orí ọmú náà mọ́, nítorí wàrà àkọ́kọ́ ni ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ àìsàn, kò sì yẹ kí a máa fún un dànù.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń sin ajá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìtọ́jú ajá, màmá. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ìwà ajá náà pẹ̀lú, torí ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú ajá máa ń rí ohun tí tẹmómítà kì í sọ. Tí ìrọbí bá ti ń sún mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ilẹ̀, kódà bí ilẹ̀ náà jẹ́ sìmẹ́ńtì. Yóò máa fa àkísà jọ, yóò tún un tò, yóò sì tún tú u ká. Yóò wá jókòó lé ẹsẹ̀ yín bí ẹni tí ó fẹ́ sùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dìde lọ sí ibòmíràn. Oúnjẹ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lè má wù ú mọ́, òmíràn a tilẹ̀ bì. Yóò máa gbọ̀n, yóò yọ ahọ́n síta, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí oòrùn kò tilẹ̀ sí, yóò sì máa bojú wẹ̀yìn wo ìhà ara rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ yóò wú, yóò sì rọ̀. Ìhà rẹ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí yóò jìn wọlé. Gbogbo èyí lè gba wákàtí 6 sí 12, ti àkọ́bí sì lè tó ọjọ́ kan gbáko.

Ẹ má dúró de ìgbà náà kí ẹ tó wá ibi tí yóò bí sí. Páálí fìríìjì tí a gé iwájú rẹ̀ kúrú dára, àpótí pákó sì dára jù ú lọ, bí ajá bá ti lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí igun tí ó dákẹ́, níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní dé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa sùn níbẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wá wòran, torí ajá tí ẹ̀rù ń bà lè dá ìrọbí rẹ̀ dúró.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Èkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ó ta ajá fún mi sọ pé kí a máa fún aboyún ajá ní kálísíọ̀mù lójoojúmọ́, kí a sì ní abẹ́rẹ́ oxytocin nílé, kí a gún un tí ó bá ti ń pẹ́. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹranko. Ó lè ràn yín lọ́wọ́.

Oníṣègùn ẹranko ti Ìbàdàn tún fèsì

Arákùnrin wa ti Èkó, mo mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́, àmọ́ mo bẹ gbogbo ẹni tí ó ń ka èyí kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà máa ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ tagbáratagbára. Bí ọmọ bá há, tàbí bí ẹnu ilé ọmọ kò bá tíì ṣí, ilé ọmọ lè ya, ìyá àti ọmọ sì lè kú. A kì í gún un láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti kálísíọ̀mù, bí a bá ń rọ ọ́ fún un nígbà oyún, ara rẹ̀ kò ní kọ́ láti fà á jáde láti inú egungun, nígbà tí àwọn ọmọ bá sì ń mu ọmú tán, ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iṣan rẹ̀ á le gbagidi, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Oúnjẹ ọmọ ajá tí ó dára ti tó o.

Olùbéèrè tún kọ̀wé

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Ní àárọ̀ àná, 38.0 ni, ní alẹ́ òní, 37.0 ni, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n lè dá ara mi lójú. Kò jẹ oúnjẹ alẹ́, ó sì ń ha inú páálí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Tí ó bá di òru, kí ni mo máa ṣe, kí ni ó sì máa mú kí n gbé e jáde?

Oníṣègùn ẹranko fèsì

Ó ti sún mọ́, ìyá wa. Ẹ pe ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí dókítà yín nísinsìnyí, kí ẹ mọ ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, kí ẹ sì rí i pé epo wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí gan-an, ẹ óò rí i pé ikùn rẹ̀ ń fún, ó sì ń ti nǹkan. Bí orí ni ó kọ́kọ́ jáde, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, ẹ má bẹ̀rù; méjèèjì wọ́pọ̀ nínú ajá. Ìyá ni yóò fi eyín ya awọ tí ó bo ọmọ. Bí ó bá kọjá bí ìṣẹ́jú kan tí kò yà á, ẹ ya á láti ibi imú ọmọ, ẹ nu ẹnu àti imú rẹ̀, kí ẹ sì fi táwẹ̀lì gbígbẹ ra á lára títí yóò fi ké. Ẹ má fa ìwọ́ rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ gé e, ẹ fi òwú tí ẹ ti bọ̀ sínú omi gbígbóná so ó, kí ó jìnnà sí ikùn ọmọ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ẹ tó gé e kọjá ibi tí ẹ so, ní apá tí ó jìnnà sí ọmọ.

Àmì tí ó lágbára jù lọ ni omi aláwọ̀ ewé tí ó dúdú. Bí ẹ bá rí i kí ọmọ kankan tó jáde, ibi ọmọ ti ń já kúrò lára ilé ọmọ nìyẹn, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jáde, kò burú mọ́. Bákan náà, bí ó bá ń ti nǹkan gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ kò jáde, tàbí bí ó bá sinmi ju wákàtí méjì lọ tí ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ṣì kù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ọ̀la ní irú àkókò yìí bá dé tí ìrọbí kò bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ pè wá.

Bí ẹ bá ní láti jáde lóru, ẹ kó àwọn ọmọ tí ó ti bí dání nínú páálí kékeré pẹ̀lú ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi aṣọ wé, nítorí ọmọ ajá tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ ìgbóná ara rẹ̀ sí dání. Òun ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.