Ìwé kọ́ ni ìdúró: lórí orúkọ tí a ó fún ìgbélùú ọmọ ilẹ̀ òkèèrè

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe físà, káàdì ìgbélùú àti ipò àjèjì lábẹ́ òfin ní "ìwé ìgbélùú" lápapọ̀. Wọ́n ní bí a bá ti sọ pé ẹnìkan "ti gba ìwé", ohun tí a ń wí ti yé gbogbo wa. Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn: "Ó ti gba ìwé," "Pépà rẹ̀ ò tíì jáde." N kò ní kí ẹnikẹ́ni yé sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òfin fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, orúkọ kan ṣoṣo yẹn a máa pa èèyàn lára. Mo ti fojú ara mi rí i.

Wọ́n gbé lẹ́tà kan wá fún mi pé kí n tún un túmọ̀ fún ìyá kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ìwé ìgbélùú yín yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024." Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé wọ́n ń lé òun. Wọ́n ti ń di ẹrù. Bẹ́ẹ̀, káàdì nìkan ni ọjọ́ ń pé lórí rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ló ń kó káàdì náà kúrò nílẹ̀ nígbà yẹn, tí wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eVisa rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ kan náà yẹn ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì, títí kan ti àwọn tí òfin gbà láàyè láti máa gbé ibẹ̀ láìsí gbèdéke. Ẹ̀tọ́ ìyá kò yẹ̀ rárá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀.

Físà kò le. "Ìwé ìwọ̀lú" dára, físà fúnra rẹ̀ kò sì burú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Físà Amẹ́ríkà ń jẹ́ kí èèyàn dé ẹnu ibodè kó sì béèrè láti wọlé ni. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń pinnu, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94 ló sì ń sọ ìgbà tí àlejò gbọ́dọ̀ kúrò. Ọjọ́ lè ti kọjá lórí físà, kí ẹni tó ni ín ṣì wà nílùú náà bó ti tọ́. Físà sì lè ku ọ̀pọ̀ ọdún, kí olúwarẹ̀ ti gbé kọjá ọjọ́ tí I-94 dá fún un.

Káàdì tàbí ìwé tó ń jẹ́rìí pé èèyàn láyè láti gbé ìlú ńkọ́? "Ìwé àṣẹ ìgbélùú" ni mo fara mọ́. A ti ní "ìwé àṣẹ ìwakọ̀", ojú kan náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a gba "ìwé ìgbélé" tí àwọn kan mú wá. Láti ọdún 2020 tí kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé, kónílé-ó-gbélé ni etí ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó sì ń bi mí pé ṣé a ṣì lè pe ohun tí kò sí lórí bébà ní ìwé, mo ní a lè pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ní ọmọ kan mọ̀wé, ta ló ń rántí bébà?

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ojú tí òfin fi ń wo àjèjì náà. "Ipò" ni ọ̀pọ̀ ń lò, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá ní ẹnìkan wà nípò, oyè tàbí iṣẹ́ ìjọba ni Yorùbá ń gbọ́. Ohun tí mo mú wá ni "ìdúró lábẹ́ òfin", "ìdúró" ní kúkúrú. A máa ń bi ara wa pé, "Níbo lo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ẹnìkan yóò ní ìdúró ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílé ẹjọ́, pé onídùúró ni ẹni tó ń gba béèlì ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ìyẹn tún kún un lọ́wọ́ ni. Ọ̀gá iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọkọ tí àjèjì torí rẹ̀ rí àyè gbà, onídùúró ló yẹ kí a máa pè é. Bí onídùúró bá yẹsẹ̀, ìdúró ẹni tó dúró fún a mì.

Ẹ fi green card Amẹ́ríkà wò ó. Ọdún 10 ló sábà máa ń wà lórí káàdì náà. Bó bá pé, káàdì ló gbó, ìdúró kò tìtorí rẹ̀ parí. Ti ọlọ́dún 2, tí wọ́n ń fún ẹni tó gba ọ̀nà ìgbéyàwó tí kò tíì pẹ́ wọlé, kò rí bẹ́ẹ̀. Májẹ̀mú wà nínú ìdúró yẹn. Bí kò bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ májẹ̀mú náà kí ọjọ́ tó pé, ìdúró lè bá káàdì lọ. Báwo la ṣe fẹ́ fi "ìwé ìgbélùú" nìkan ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí?

Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1971 ló lo "leave to enter" àti "leave to remain". Mo ti rí ibi tí wọ́n ti túmọ̀ "leave" yẹn sí ìlọ, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti pè é ní ìsinmi! Ìyọ̀ǹda ni. Èyí tí kò ní gbèdéke, ẹ má sì pè é ní "ìyọ̀ǹda ayérayé", nítorí pé ẹni tó bá kúrò nílùú náà fún ohun tó lé ní ọdún 2 láìpadà wọlé, ìyọ̀ǹda rẹ̀ a já. Ní Jámánì, oṣù 6 lẹ́yìn odi sábà máa ń tó láti já Niederlassungserlaubnis, ìyẹn ìyọ̀ǹda ìgbélùú tiwọn tí kò ní gbèdéke. "Ìyọ̀ǹda aláìnígbèdéke" kò ṣèlérí ju ohun tí òfin ṣe lọ.

"Ogunléndé" náà nílò ìṣọ́ra. Àdéhùn 1951 lórí asásálà kò dárúkọ ogun mọ́ ìdí márààrún tó kà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tí èèyàn wà láwùjọ àti èrò òṣèlú. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti ọdún 1969 ló fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìkọlù láti òde tàbí rògbòdìyàn lé kúrò nílé. "Asásálà" gba gbogbo wọn, òun ni kí a mú.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni Duldung ti Jámánì. Kì í ṣe ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n dáwọ́ lílé ẹni náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Àtikúrò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n dábàá "ìfaradà", ṣùgbọ́n ta ló ń fara da ta? Wọ́n tún dábàá "ìmójúkúrò". Ìjọba kò mójú kúrò, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìdáwọ́dúró lílé" ni mo ṣì ń lò, bó tilẹ̀ gùn.

Ní ti ẹni tí kò ní ìyọ̀ǹda, èmi kò ní pè é ní "arúfin". Láti ọdún 1975 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ yé lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ṣí wá. "Aláìníwèé" ni a fi ń rọ́pò rẹ̀, èmi náà ti lò ó fún ọdún pípẹ́. Nísinsin yìí, kò dá mi lójú mọ́: ẹni tí ìwé rẹ̀ jóná ṣì ní ìdúró, ẹni tó mú ayédèrú káàdì lọ́wọ́ kò ní. "Aláìní-ìyọ̀ǹda" ló wà lọ́kàn mi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́tà ìyá yẹn, báyìí ni mo ṣe tún un kọ: "Ọjọ́ yóò pé lórí káàdì yín ní 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìdúró yín kò yí padà."