Bàbá Cinderella ńkọ́?

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá mi dá sí i. Pírámárì 4 ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn níbí. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí oòrùn ti mú àwọn ọmọ, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìṣirò mọ́, ìtàn ni mo máa ń sọ fún wọn. Mo wá mú Cinderella, èyí tí gbogbo wa mọ̀: elégédé di kẹ̀kẹ́ ẹṣin, eku di ẹṣin, aago méjìlá òru lù, bàtà dígí bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti ń dúró de ẹni tó máa bi mí pé ṣé dígí ò ní fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni, torí wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló nawọ́, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni o. Ó ní, "Àǹtí, bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní ta ló pa á? Mo ní kò sẹ́ni tó pa á, ó kàn kú ni. Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọlọ́jà tó bu ọjà kù.

Mo délé, mo tú fóònù. Àṣé irọ́ ni mo pa fọ́mọ ọlọ́mọ! Sinimá aláwòrán tí Disney ṣe lọ́dún 1950 lèmi ti mọ ìtàn náà, níbi tí bàbá ti kú kí eré tó gbérasọ. Ṣùgbọ́n Perrault, ará Faransé tó tẹ ìtàn náà jáde lọ́dún 1697, tó jẹ́ pé òun ló ni elégédé àti bàtà dígí gan-an, kò pa bàbá kankan. Bàbá wà nínú ilé. Ọmọ ń sun orí koríko nínú àjà, bàbá wà níbẹ̀. Perrault ní ọmọ náà ò jẹ́ fẹjọ́ sùn ún, torí òun gan-an ni bàbá máa bá wí, ìyàwó ló ń tu ọkọ̀ ilé náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kọjá sórí ọ̀rọ̀ ijó.

Ó dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ọwọ́ ìyàwó bàbá mi lèmi dàgbà sí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ má retí ìtàn ìyà o, obìnrin yẹn ò fìyà jẹ mí. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń tẹ̀lé mi lọ síléèwé bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí òbí. Síbẹ̀, bí aládùúgbò bá ti rí mi pẹ̀lú korobá omi lórí, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ aláìníyàá." Wọn kì í dúró wo ẹ̀yìn mi, níbi tí obìnrin náà ti ń bọ̀ pẹ̀lú korobá tó tóbi ju tèmi lọ. Bàbá mi wà nínú ilé, ó ń gbọ́ rédíò. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló ń ṣe é tí kò lè pọnmi.

Ibo lẹ̀yin ti pàdé Cinderella? Kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?

Omidan Kassel

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Jámánì ni mo wà, ní Kassel, ìlú tí àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ń kó ìtàn jọ. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú. Màmá kan wà lọ́wọ́ mi, ẹni ọdún 91. Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mò ń gé èékánná, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n rọra o, kí n má lọ ṣe òun bíi ti àwọn ọmọ ìyàwó bàbá Aschenputtel. Mi ò mọ ohun tó ń wí, àṣé orúkọ Cinderella ní Jámánì nìyẹn. Ó ní, "O ò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin ọmọ sinimá!"

Ó sọ ọ́ fún mi látòkèdélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi. Bàtà ò wọ àkọ́bí, ìyá rẹ̀ na ọ̀bẹ sí i, ó ní kó gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ dànù, tó bá dayaba tán kò ní máa fẹsẹ̀ rìn mọ́. Èkejì gé gìgísẹ̀. Ẹyẹlé ló ń ké sí ọmọ ọba lójú ọ̀nà pé kó wo bàtà, ẹ̀jẹ̀ ti kún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹyẹlé yìí kan náà sọ ojú àwọn méjèèjì jáde. Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ìgbà tí mo wá ìwé àwọn Grimm kà ni mo rí i pé ojú sísọ yẹn ò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́dún 1812; ọdún 1819 ni wọ́n tó fi í kún un. Àwọn kan ń rò pé ńṣe ni ìtàn ń rọ̀ bó bá ti ń pẹ́.

Bàbá wà níbẹ̀ dáadáa, Àǹtí. Ó ń lọ sọ́jà, ó bi àwọn ọmọ pé kí lòun máa rà bọ̀. Àwọn ọmọ ìyàwó ní aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀ka igi àkọ́kọ́ tó bá gbá fìlà yín lójú ọ̀nà. Ó gbìn ín sórí sàréè ìyá rẹ̀, omijé ló fi ń bomi rin ín, orí igi yẹn ni aṣọ ijó ti ń jábọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí ìwin, kò sí elégédé. Ìyá tó ti kú ń ṣe tirẹ̀, bàbá tó wà láàyè ń ṣe kí ni? Nígbà tí ọmọ sá fún ọmọ ọba tó lọ fara pa mọ́ sínú ilé ẹyẹlé, bàbá ló gbé àáké, ó la ilé náà wó. Lọ́jọ́ kejì ó tún gé igi tí ọmọ gùn lulẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọba wá bi í bóyá ó tún lọ́mọbìnrin mìíràn, ó ní rárá o, àfi kékeré kan tí kò dàgbà dáadáa tí ìyàwó òun tó kú fi sílẹ̀, èyíinì ò lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá.

Mo bi màmá náà pé irú bàbá wo lèyí. Ó dákẹ́. Ó ní bàbá tòun lọ sógun, kò dé mọ́. Nígbà tóun wà lọ́mọdé, bàbá tó bá ṣáà ti wà nílé, bàbá gidi ni lójú òun.

(Èmi, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni sinimá tí Czechoslovakia àti Ìlà-Oòrùn Jámánì jọ ṣe lọ́dún 1973. Bí Kérésì bá ti dé, tẹlifíṣọ̀n níbí ò lè ṣe kó má fi í hàn. Cinderella yẹn ń gẹṣin, ó ń tafà, ó ń fi ọmọ ọba ṣẹlẹ́yà. Bàbá ti kú níbẹ̀, ẹ má bínú.)

Aṣọ́nà Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Ilé eré ni mò ń ṣọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Bí Disẹ́ńbà bá ti wọlé, eré Cinderella tí wọ́n ń pè ní panto dé nìyẹn. Ọkùnrin gìrìpá méjì á wọ gáùn, wọ́n á kunra bí àpótí ìyàwó, àwọn ni ọmọ ìyàwó burúkú. Àwọn ọmọdé á máa pariwo mọ́ òṣèré. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ń ké pé "Ó wà lẹ́yìn rẹ!", mo ki wọkitọ́kì mọ́lẹ̀, mo sáré wọlé. Mo rò pé olè ni.

Bàbá wà láàyè nínú panto. Baron Hardup lorúkọ rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé Olóyè Kò-rówó-ná. Ó jẹ gbèsè, ó ń sá fún ìyàwó, gbogbo ilé ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò burú, kò sì wúlò.

Èyí tó mú mi ni opera, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe. Rossini, olórin ará Ítálì, ló ṣe é, Róòmù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré rẹ̀ lọ́dún 1817. Kò sí ìyàwó bàbá níbẹ̀ rárá, ọkọ ìyá ni, Don Magnifico, òun ló ń ni ọmọ lára. Kò sí bàtà pẹ̀lú, ẹ̀gbà ọwọ́ ni. Èdè Ítálì ni wọ́n fi ń kọrin, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tan ìtumọ̀ rẹ̀ sókè orí pèpéle, láti ibi ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kà á. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ọmọ ọba mú ìwé dé, ó ní orúkọ ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nílé yìí, ẹ̀kẹta dà? Bàbá yìí ní ó ti kú. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ o! Orin ló fi parọ́ ọ̀hún, orin náà sì dùn.

Mo bọ́ síta. Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún kẹrin rèé. Owó ń lọ, fídíò kọ́ọ̀lù ń lọ. Àmọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti bi mí lẹ́nu iṣẹ́ bóyá mo lọ́mọ, mo ní rárá, torí àlàyé rẹ̀ gùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Bùọ̀dá Aṣọ́nà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ pe ọmọ yẹn lálẹ́ yìí.

Tèmi ò gùn. Fídíò tí wọ́n ti Amẹ́ríkà mú wá ni mo ti rí ti ọdún 1997, èyí tí Brandy akọrin ṣe. Irun dídì lórí Cinderella! Whitney Houston ni ìwin tó ràn án lọ́wọ́. Ayaba jẹ́ dúdú, ọba jẹ́ òyìnbó, ọmọ wọn jọ ará Fílípìnì, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè nǹkan kan. Mo ní kí màmá mi di irú rẹ̀ fún mi, ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n tú u níléèwé, àwọn mìíràn bá mi tú u lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ bi mí ní ti bàbá, mi ò mọ̀. Irun ni mò ń wò.

Ọmọ Alápo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àlejò ara yín. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi, Cinderella ò sì dé etí mi títí mo fi wọ iléèwé mọ́dà. Èyí tí ìyá àgbà mi ń pa fún wa ni ti ọmọ òrukàn tó ń ta epo ní Ọjà Èjìgbòmẹkùn. Ìwin kan ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, owó ẹyọ kan dín. Ọmọ ò gbọdọ̀ délé láìpé owó, ló bá tẹ̀ lé ìwin lọ. Ìwin ń korin pé kó padà, òun náà ń korin pé òun ò padà, a óò máa gbè é. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀run ìwin, wọ́n ní kó mú àdó. Èyí tó bá ń pariwo "Mú mi! Mú mi!", kó má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá dákẹ́ ni kó mú. Ó délé, ó fọ́ ọ, ọrọ̀ kún ilé. Orogún ìyá rẹ̀ rán ọmọ tirẹ̀ náà, ìyẹn mú aláriwo. Ejò àti agbọ́n ló jáde sí wọn.

Wọ́n máa ń sọ pé Cinderella ti Yorùbá nìyí. Mi ò gbà. Bàtà dà? Ọmọ ọba dà? Ọmọ yìí ò lọ fẹ́ ẹnì kankan, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ gba gbèsè. Àwọn tó ń fi nọ́ńbà to àlọ́ ayé jọ pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀: 510A ni Cinderella, 480 ni ti ọmọ rere àti ọmọ burúkú, ibẹ̀ ni tiwa bọ́ sí.

Ní ti bàbá, mo bi ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gúsí ló ń bó lójú òṣùpá. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá lọ sóko."

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bùọ̀dá Aṣọ́nà, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti rí òmíràn tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti Ṣáínà. Duan Chengshi ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ó fi nǹkan bí 800 ọdún ṣáájú Perrault. Ye Xian lorúkọ ọmọ náà. Bàtà wúrà ló wọ̀, egungun ẹja ló ń gbàdúrà sí. Ẹ wá gbọ́: ìyàwó méjì ni bàbá rẹ̀ fẹ́, ọ̀kan kú, bàbá náà kú, ìyàwó kejì ló wá ń fojú ọmọ rí màbo. Ilé olórogún pọ́ńbélé! Mi ò ní ṣàlàyé kankan fún ọmọ Ìbàdàn níbẹ̀. Ti Basile ará Naples, ti nǹkan bí ọdún 1634, ni mi ò ní sọ láéláé, torí níbẹ̀ Zezolla, Cinderella tirẹ̀, fúnra rẹ̀ ló dé ìdérí àpótí mọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Kí àwọn òbí má bàa wá ká mi mọ́lé.

Lánàá mo sọ ti Grimm fún wọn, àti bàbá àti àáké, mi ò fo nǹkan kan àfi ojú sísọ. Mo ní kí kóówá yàwòrán ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Bàtà ni púpọ̀ nínú wọn yà. Àwọn kan ya ẹyẹlé, ẹyẹlé tó sanra bí adìẹ Kérésì. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ya ọkùnrin kan tó gbé àáké kọ́ èjìká, ó kẹ̀yìn sí wa, a ò rójú rẹ̀. Mo ní ibo ló ń lọ?

Ó ní, "Oko ni, Àǹtí."