Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé sólà lè gbé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ?

Ìyá Aránṣọ Mọ́níyà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ ni mí ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí. Mo háyà ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe tèmi. Máṣíìnì oníná 2 ló wà níbẹ̀, wífìn 1, áyọ́ọ̀nù 1, fáànù 1, gílóòbù 3, àti ọmọṣẹ́ 4 tí fóònù wọn kì í kúrò lẹ́nu ṣáàjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan ò tó ₦200 lọ́dọ̀ wa. Ní báyìí, ₦1,000 ni mo fi ń ṣírò rẹ̀, lítà 4 ni jẹnẹrétọ̀ mi sì ń mu lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣe é ní ọjọ́ 26 lóṣù: ₦104,000. Mi ò tíì ra òwú o, mi ò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá gbé léèsì wá á sì máa bá mi yọ ₦500 kúrò lórí owó ìránṣọ, bí ẹni pé èmi ni mo ni ilé epo.

Ọkùnrin kan tó ń ta sólà wá wo ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Kò lò tó ìṣẹ́jú 10. Ó ní páńẹ̀lì 2 oní 550W, ínfátà 3kVA, bátìrì lithium kan oní 24V 100Ah, ₦1,450,000 ni gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ epo nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn." Mo ṣírò ó, kò pé owó epo oṣù 14. Ó wọ̀ mí lójú. Àmọ́ "ọ̀fẹ́" tó pè yẹn ló ń kọ mí lóminú, torí ẹni tó pe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ fún mi kẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù tó fi ṣe ẹ̀ni lórí máṣíìnì tòkunbọ̀ ni. Oṣù 3 ni áyọ́ọ̀nù náà lò.

Èsúsú tí mò ń dá, èmi ló kàn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo sólà, kí lojú yín rí? Ẹ má fi oore rẹ̀ nìkan hàn mí.

Ọmọ Oníná

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, àmọ́ mi ò ní tajà fún yín lónìí. Ṣé ọkùnrin yẹn béèrè áyọ́ọ̀nù yín? Tí kò bá béèrè, kò tíì wo ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo ara áyọ́ọ̀nù yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà tó wà níwájú W. Ó sábà máa ń jẹ́ 1,000 sí 1,200. Gílóòbù LED yín lè má ju 10 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ tó ti gílóòbù 100. Ohunkóhun tó bá ti ń fi iná ṣe ooru, ìbáà jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìbáà jẹ́ sítóòfù oníná, òun ló ń gbẹ bátìrì.

Ẹ tún gbọ́ èyí. 550W tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ̀lì, ibi àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ara páńẹ̀lì ti wà ní 25°C. Lórí páànù Mọ́níyà lọ́sàn-án gangan, ó lè lé ní 60°C. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ̀lì ń jẹ, kì í jẹ ooru. Bó ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ fi wákàtí 4 ṣírò oòrùn gidi lójúmọ́, kẹ́ ẹ yọ ohun tó ń ṣòfò lójú wáyà àti nínú ínfátà. Páńẹ̀lì 2 yẹn á fún yín ní yúnìtì iná 3 àti díẹ̀ (yúnìtì 1 ni ohun tí nǹkan oní 1,000W ń jẹ ní wákàtí kan). Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ fún wákàtí 2, ó ti lè gbé 2 lọ níbẹ̀. Tó bá wá di oṣù keje sí ìkẹjọ tí ọ̀run dì, ẹ tún yọ nínú rẹ̀.

Nípa máṣíìnì: ẹ tàn án, kẹ́ ẹ má fẹsẹ̀ kàn án. Tó bá ń kùn bí oyin, mọ́tò clutch ló ní. Irú rẹ̀ kì í dúró, bẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ̀ ń so bọ́tìnnì, ó ń jẹná. Servo ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀; ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà nìkan ló ń yí. Èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó ra páńẹ̀lì kankan. Kódà tẹ́ ò bá tiẹ̀ ra sólà mọ́, owó epo yín á dín.

Bátìrì yẹn, yúnìtì 2 ààbọ̀ ló lè gbà sínú. Tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ mọ́jú nítorí Iléyá, ẹ má fọkàn tán an pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù.

Bàbá Tíṣà Òṣogbo

Aránṣọ wa, ẹ kú làálàá. Èmi ti fẹ̀yìn tì, inú ilé ni mo ti ń lò ó láti 2021. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Ìyàwó mi ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sáré ra yìnyín lóru, mo máa ń kó o sínú kúlà, n ó tún jí wò ó bóyá ó ti yọ́. Ìyẹn ti dópin. Nǹkan kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a ò tan jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú gọ́tà, mo gbọ́ ìjà tọkọtaya kan lójúlé kẹta látòkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ ló jẹ̀bi.

Ó yá, ìṣòro. Bátìrì olómi 2, èyí tí wọ́n ń pè ní tubular, ni mo kọ́kọ́ rà. Wọ́n ní kí n máa wo omi rẹ̀, kí n má sì jẹ́ kó gbẹ ju ìdajì lọ. Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìlànà kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè, mi ò ka ìlànà. Kò pé ọdún 2 tí méjèèjì fi kú. Lithium ni mo rà lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ sì gun mí lẹ́yìn gan-an.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni òrùlé. Ọmọkùnrin tó wá kàn án lu páànù ní ihò 8, kò dí i dáadáa. Òjò àkọ́kọ́, orí bẹ́ẹ̀dì wa ló balẹ̀ sí. Tó bá tún di àkókò ọyẹ́, eruku á bo páńẹ̀lì títí tó fi máa rí bí pátákó tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ìdájí ni mò ń fọ̀ ọ́, kí oòrùn tó mú un, omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án o, gíláàsì ni.

Ẹ ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ iná ìjọba pátápátá. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé yúnìtì Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, láti ₦68 sí ₦225 ni mo ti fi iná wọn mọ ọjọ́ tí òjò bá sú láti àárọ̀.

Onígbàjámọ̀ Bódìjà

Fún èmi, sólà ti tó. Kílípà mi kì í jẹ nǹkan, gílóòbù àti fáànù ni ìyókù. Mi ò mọ ti aránṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ: ayálégbé ni yín. Ẹ má kàn án mọ́ òrùlé onílé pátápátá. Irin ni mo ní kí wẹ́dà jó fún mi, ó dúró fúnra rẹ̀, mo fi bóòtì àti ṣéènì tì í. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, mo ń gbé e lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sínú ìwé pé tiyín ni. Ní àdúgbò wa, wọ́n jí páńẹ̀lì ilé oògùn kan lálẹ́, wáyà nìkan ni wọ́n ṣẹ́ kù.

Ìyá Aránṣọ Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, ọmọ yín á ṣe yín lóore. Mo tan máṣíìnì méjèèjì láì fẹsẹ̀ kàn wọ́n. Tòkunbọ̀ yẹn ló ń kùn bí oyin, èkejì dákẹ́ fẹ́ẹ́. Ọdún wo ni mo ti ń bú jẹnẹrétọ̀ pé ọ̀mùtí ni, láìmọ̀ pé máṣíìnì ló ń ràn án lọ́wọ́!

Mo pe ọkùnrin sólà. Mo ní, "Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?" Ó ní, "Há, Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń lo áyọ́ọ̀nù ni?" Nílé aránṣọ!

Ibi tí mo fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí nìyí. Servo ni mo kọ́kọ́ ń rà. Lẹ́yìn náà, páńẹ̀lì 3 dípò 2, Ọmọ Oníná, màá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀ lórí ìyẹn. Aago 11 sí 2 ni a ó máa lọ aṣọ, nígbà tí oòrùn bá wà lórí páńẹ̀lì. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ṣì wà nílé fún alẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ ti ń ráhùn pé eérú rẹ̀ á ba léèsì funfun jẹ́. Kí wọ́n fi aṣọ míì tẹ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Mi ò ní ta jẹnẹrétọ̀, màá kàn jẹ́ kó sinmi.

Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi dí ihò páànù yín nígbà tí wọ́n tún un ṣe? Onílé mi ti ń béèrè ká tó lu ìṣó kan ṣoṣo.

Bàbá Tíṣà Òṣogbo

Rọ́bà ni wọ́n fi sábẹ́ ìdí bóòtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi sílíkọ́ọ̀nù kùn ún yí ká. Ẹ dúró tì í kó fi síbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti gbé àkàbà rẹ̀ lọ, kò ní padà wá.