Orúnkún tó wú, tó gbóná: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀yin dókítà àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Gwagwalada la ní ìbéèrè. Bí orúnkún kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná (pípọ́n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aláwọ̀ dúdú), a mọ̀ pé ká kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ kó tó di pé a fún un ní antibáótíìkì, kí kòkòrò àrùn, bó bá jẹ́ òun ló fà á, má baà kọ̀ láti hù ní láàbù. Yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé gbára lé: ó lè wà ní déédé nígbà tí gout (àrùn oríkèé tí kírísítà, ìyẹn hóró wínníwínní, yúríìkì ásíìdì ń fà) ń jà gan-an. Níbi tí kò sí máíkírósíkóòpù pọ́láráísì (èyí tó ń lo àkànṣe ìmọ́lẹ̀ láti dá kírísítà mọ̀), ṣé máíkírósíkóòpù lásán tó láti rí kírísítà tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́? Bí a bá rí i, ṣé ẹ máa ń dá antibáótíìkì dúró kí èsì kọ́ṣọ̀ (àyẹ̀wò bóyá kòkòrò hù ní láàbù) tó dé? Gout àti kòkòrò àrùn ṣáà lè jọ wà nínú oríkèé kan.