Ọwọ́ mi mọ búrọ́ọ̀ṣì, kò tíì mọ tábúlẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olóròóró yàwòrán. Lóṣù tó kọjá, mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán, irú èyí tí kò lójú tó ń fi àwòrán hàn: ọwọ́ á wà lórí tábìlì, ojú á máa wo kọ̀ǹpútà. Ìlà tí mo lè fà láìronú tẹ́lẹ̀ ti wá ń wọ́. Ojú rẹ̀ tún ń yọ̀ jù, bíróò tí a fi ń yàwòrán lórí rẹ̀ kò rí nǹkan dì mú bó ṣe máa ń rí lórí kánfáàsì.

Àwọ̀ ló dùn mí jù. Bí mo bá po búlúù mọ́ yẹ́lò nínú ọ̀dà, àwọ̀ ewé ni mo máa rí. Níbí, ó ń dà bí eérú, torí ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pò. Ṣé ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń po àwọ̀ bí ọ̀dà gidi?

Kí n ra èyí tó lójú ni, àbí kí n fara dà á títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn? Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀dọ̀ ọ̀dà wá, ó tó ìgbà wo kó tó mọ́ yín lára?