Àyà tó dùn mí kọ́ ló dun bàbá mi

Àyà ti kọ́kọ́ yọ èmi fúnra mi lẹ́nu rí. Tí mo bá jẹ ẹ̀bà lálẹ́ tán tí mo dùbúlẹ̀, á máa jó mi fòfò títí dé ọ̀fun, omi kíkan á sì máa wá sí mi lẹ́nu. Tí mo bá dìde jókòó, á rọlẹ̀. Dókítà ní omi inú ikùn ló ń padà gòkè. Mo lo oògùn, ó lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti rò pé mo mọ ohun tí à ń pè ní àyà dídùn.

Kafíńtà ni bàbá mi, ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ń gé pákó láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kàn jókòó lójijì, wọ́n fọwọ́ di àyà mú. Mo ní, “Bàámi, ṣé ó ń jó yín ni?” Wọ́n ní, “Kò jó mi o. Ó dà bíi pé wọ́n gbé odó lé mi láyà.” Síbẹ̀, oògùn olómi funfun tèmi tó ṣẹ́kù ni mo sáré lọ gbé wá. Wọ́n gùfẹ̀, wọ́n ní ó fúyẹ́ díẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ọkàn náà lè dẹwọ́ báyẹn lẹ́yìn oògùn inú.

Màámi ní pákó tí wọ́n gbé lánàá ni. Wọ́n fi ìpara wọ́ àyà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ojú ibi tó ta bàbá mi. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bó bá jẹ́ ti iṣan ara, títẹ̀ tàbí yíyí ara padà sábà máa ń mú un dùn sí i.

Òógùn tútù wá bò wọ́n, lábẹ́ òjìji. Èémí ń há. Wọ́n ní apá òsì àti àgbọ̀n àwọn ń wúwo. Nọ́ọ̀sì aládùúgbò wa ló pariwo pé ọkàn ni. Ó bi wọ́n bóyá asipirín kì í bá wọn jà, ó fún wọn ní 300 mg kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ wọn láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, torí ti àkọ́kọ́ lè má tíì fi nǹkan hàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀ ló ti dí. Dókítà tún kìlọ̀ nípa màámi tó ní àtọ̀gbẹ: tiwọn lè má dun àyà rárá, ó lè jẹ́ èémí tó ń há tàbí àárẹ̀ lásán.

Bàbá mi ń bẹ láàyè, wọ́n ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bi mí pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, mo ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́ta. Oògùn tèmi àti ìpara la fi lo méjì nínú rẹ̀.