Rírẹ iwájú Chevrolet C10 sílẹ̀ láìjẹ́ kí táyà jẹ ẹ̀gbẹ́ kan

Olùbéèrè, Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 ti ọdún 1972, mo sì fẹ́ kí iwájú rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 3. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún fi iná gé sípíríńgì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń fò lójú títì, sítíárìn ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bí táyà bá bọ́ sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú méjèèjì sì ti jẹ dé wáyà. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn, Dallas:
Àbúrò, o kú ìnáwó. Yọ sípíríńgì yẹn sọnù, nítorí iná a máa gba agbára irin rẹ̀ níbi tí ó bá ti kàn án, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ayùn ni wọ́n tilẹ̀ fi gé e, táyà rẹ yóò ṣì jẹ. Apá méjì ni ó gbé táyà iwájú kọ̀ọ̀kan dúró lára C10: ti òkè kúrú, ti ìsàlẹ̀ gùn. Bí sípíríńgì bá ti kúrú, apá méjèèjì yóò gbé ẹnu sókè, ti òkè yóò sì fa orí táyà wọnú ju bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń fa ìdí rẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú nìyẹn. Táì-ródù, irin tí ó ń gbé yíyà sítíárìn dé ara táyà, náà kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà mọ́, ìdí nìyí tí táyà fi ń yà fúnra rẹ̀ nínú kòtò.

Drop spindle oníǹṣì 2.5 ni èmi máa ń lò. Lára rẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá tí táyà ń yí lé lórí sókè ju ti ilé iṣẹ́ lọ, nítorí náà ọkọ̀ yóò wálẹ̀, síbẹ̀ àwọn apá kò ní kúrò ní ipò wọn. Fi sípíríńgì tuntun tí gíga rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu sí i, má sì jẹ́ kí ìdajì íǹṣì tí ó kù dùn ọ́. Láti 1971 ni C10 ti ní bíréèkì dísìkì níwájú, nítorí náà spindle ti dísìkì ni kí o béèrè, kí ríìmù rẹ má sì kéré sí íǹṣì 15. (Nílé, ńṣe ni a máa ń wá bí ọkọ̀ yóò ṣe ga nítorí kòtò, títì Texas ti ba ìwà wa jẹ́.)

Sípíríńgì tí a tẹ̀ pọ̀ lè pa ènìyàn. Fi ẹsẹ̀ irin gbé férémù dúró, kí jáàkì wà lábẹ́ apá ìsàlẹ̀, fi ṣéènì so sípíríńgì mọ́ apá náà, má sì yọ nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀jọ́ìntì (oríkèé tí ó so apá mọ́ spindle) tán kí ó tó já kúrò lójú ihò rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, Maryland:
Mo fẹ́ fi kún ti ẹ̀gbọ́n pé kí ẹ yẹ bọ́ọ̀jọ́ìntì, búṣì àti ẹnu táì-ródù wò kí ẹ tó náwó kankan sí i. Mo san owó aláìnmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì lórí búṣì tí ó ti jẹ.

Olùbéèrè, Houston:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé e lọ fún aláìnmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn, Dallas:
Rárá. Wà á fún ọjọ́ mélòó kan kí sípíríńgì jókòó dáadáa. Kọ ìwọ̀n tí o fẹ́ sínú ìwé fún aláìnmẹ́ǹtì, nítorí ìwọ̀n àtijọ́ wà fún táyà ìgbà yẹn, tí kì í ṣe radial (irú táyà tí a ń lò lóde òní): camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) láàárín dígírì 0 àti −0.5, caster (bí ìlà tí táyà fi ń yà ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tàbí síwájú) dígírì +3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́tùn-ún lósì, toe-in (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ) íǹṣì 1/16. Àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ó wà níbi tí apá òkè ti so mọ́ férémù ni wọ́n fi ń tún camber àti caster ṣe. Ọ̀pọ̀ aláìnmẹ́ǹtì ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Toe nìkan ni wọn yóò yí, wọn yóò sì gba owó gbogbo rẹ̀, nítorí náà gba ìwé tí ẹ̀rọ wọn tẹ̀ jáde. Bí o bá sì ní í lọ́kàn láti rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣe é ṣáájú, nítorí bí férémù ṣe tẹ̀ ni caster ṣe ń yí padà: bí ó bá tẹ̀ síwájú, caster ni yóò dín kù.